Òfin Seni: Ìdí tó fi yẹ kí ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn mọ aláìsàn kí wàhálà tó dé

Bí aláìsàn bá ń pariwo ní wọ́ọ̀dù, tó ní òun ń lọ dandan, ẹ̀ṣọ́ aláàbò ni wọ́n sábà máa ń pè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ti la ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni tó lè fi agbára mú aláìsàn nílé ìwòsàn ọpọlọ sílẹ̀. Òfin Seni ni wọ́n ń pè é.

Ta ni Seni?

Olaseni Lewis ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 23 láti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú lójijì ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2010, àwọn òbí rẹ̀ wá ìtọ́jú fún un, òun fúnra rẹ̀ sì gbà láti wọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Bethlem Royal Hospital. Lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ lọ tán ló ní òun fẹ́ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Mọ́kànlá nínú wọn ló lọ́wọ́ nínú dídì í mú, ó sì lé ní ìṣẹ́jú 30. Ó dákú; lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó kú.

Ní 2017, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó jókòó lórí ìwádìí ikú rẹ̀ ní agbára tí wọ́n lò pọ̀ jù, ó sì wà lára ohun tó fa ikú náà. Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbẹ́jọ́ ìbáwí dá ọlọ́pàá mẹ́fà láre. Nítorí ikú Seni, aṣòfin Steve Reed gbé àbádòfin kan lọ sílé aṣòfin. Ó di òfin ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2018.

Kí ni òfin náà sọ?

Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ yan ọ̀gá kan tí yóò máa dáhùn fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lo agbára. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀tọ́ aláìsàn fún un. Bí wọ́n bá dì í mú, wọ́n ní láti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, àti ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kó má baà débẹ̀. Ọlọ́pàá tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ so kámẹ́rà mọ́ra bó bá ṣeé ṣe.

Òfin náà kò yọ òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń sanwó fún, tí wọ́n bá lè ní kó di aláìsàn mú, gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ kan náà: bíbọ̀wọ̀ fún ohun tí aláìsàn fẹ́, ọgbẹ́ ọkàn tó ṣeé ṣe kó ti gbé wá láti ilé, àti ọ̀nà tí a fi ń pẹ̀tù sọ́rọ̀ láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Kí ló fi léwu láti di ènìyàn mọ́lẹ̀?

Ẹni tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn, àyà àti ikùn rẹ̀ kò ní àyè láti fẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ara tí ìpayà ti mú ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó ń jà fitafita kó lè mí; ẹni tó wà lórí rẹ̀ rò pé ó ń bá òun jà, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sọ ní 2015 pé kò yẹ kí wọ́n máa di ènìyàn mú ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Báwo ni ẹ̀ṣọ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe?

Ìgbà tí gbogbo nǹkan ṣì rọlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń kí àwọn aláìsàn, ó mọ orúkọ tí oníkálukú fẹ́ kí wọ́n fi pe òun, ó sì ti bi nọ́ọ̀sì ohun tó ń dẹ́rù ba ẹni yìí àti ohun tó máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Lójú arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń rà, ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ lè jọ ẹni tó wá mú un. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá, èmi tí mo máa ń kí yín lẹ́nu ọ̀nà ni” yóò ṣiṣẹ́ ju “Ẹ jókòó síbẹ̀!” lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá gbóná, ẹnu kan ṣoṣo ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sún sẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ kò ní dínà ilẹ̀kùn, torí ẹni tí kò rí ọ̀nà jáde lè fi ipá wá a. Ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò dúró sí, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn. Nọ́ọ̀sì ló ń darí. Ẹ̀ṣọ́ ń ràn án lọ́wọ́.

Ìfaramọ́ yìí ní ààlà. Ẹ̀ṣọ́ kì í gba nọ́ńbà fóònù aláìsàn, kì í bá a yá owó, kì í tú àṣírí rẹ̀. Kì í sì í ṣèlérí pé “ẹ máa lọ sílé lọ́la” nígbà tí kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ. Aláìsàn tí wọ́n fi irọ́ tù nínú lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò tún gbà gbọ́?

Ṣé ẹ̀rí wà?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Len Bowers ti King’s College London àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán ètò kan tí wọ́n pè ní Safewards wò ní wọ́ọ̀dù 31, nílé ìwòsàn 15. Sísọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ àti kí òṣìṣẹ́ àti aláìsàn mọ ara wọn wà lára rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé ìjà àti wàhálà dín kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdènà àti dídìmú sì dín kù ní ìdá 26.4. Àwọn nọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe é, ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ tó ń yọ obì lápò kò bèèrè irú aṣọ tí ẹni tó sọ̀rọ̀ wọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti dá ètò abúlé sílẹ̀: nígbà náà, aláìsàn máa ń gbé láàárín ará abúlé, ó kéré tán ẹbí rẹ̀ kan sì gbọ́dọ̀ bá a wá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í jìnnà sí i. Níbi tí ẹbí kò bá ti lè sùn tì í, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ di ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru sì lè jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ènìyàn yín lọ sílé ìwòsàn, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó kúrò: orúkọ tí ẹ ń pè é nílé, ohun tí kò lè fara dà, àti nọ́ńbà ẹni tí ohùn rẹ̀ lè mú un rọlẹ̀. Kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà ti gbọ́.