Ìfúnpọ̀ Fáìlì Àwòrán àti Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Fáìlì àwòrán ni àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú àwòrán. Kọ̀ǹpútà a máa pín àwòrán sí ẹyọ kéékèèké, èyí tí a lè pè ní ẹyọ-àwòrán. Nọ́ńbà mẹ́ta ni a sábà fi ń ṣàpèjúwe ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ti àwọ̀ pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti àwọ̀ aró. Báìtì kan ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Nítorí náà, àwòrán tí ó ní ẹyọ 4,000 ní ìbú àti 3,000 ní òró yóò gba báìtì 36,000,000 bí a kò bá dín in kù. Bí olùkọ́ kan ní Ìkòyí-Ilé, ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire, bá fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò náwó púpọ̀ lórí dátà, ẹni tí ń gbà á yóò sì dúró pẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe ìfúnpọ̀.

Ìfúnpọ̀ pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni ìfúnpọ̀ aládánù. Ó dà bí ìgbà tí a fún omi ara gbágùúdá tí a rin: ẹrù fúyẹ́, ṣùgbọ́n omi náà ti lọ. Èkejì ni ìfúnpọ̀ aláìládánù. Ó dà bí ìgbà tí a ká agbádá sínú àpótí: bí a bá tú u, gbogbo rẹ̀ pé.

Ìfúnpọ̀ aládánù ni JPEG, tí a fi òǹtẹ̀ lù ní 1992, sábà ń lò. A máa pín àwòrán sí ìdì ẹlẹ́yọ 64, a sì yọ àwọn ohun tíńtìntín tí ojú kì í tètè rí kúrò. Aláìládánù ni PNG, tí ó jáde ní 1996. WebP, tí Google gbé jáde ní 2010, lè ṣe méjèèjì.

JPEG dára fún fọ́tò ènìyàn tàbí igi. Ṣùgbọ́n lára ojú ìwé, níbi tí lẹ́tà dúdú ti pàdé tákàdá funfun, bí a bá fún un pọ̀ jù, èérí a máa yọ yí lẹ́tà ká, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà a sì di bàìbàì. Èyí kì í ṣe ohun kékeré nínú èdè Yorùbá. Bí ojú ìwé kan bá sọ nípa àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi jagun, tí àmì sì parẹ́, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ọ̀kọ̀ ni, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọkọ ìyàwó.

Nítorí náà, kí a fi JPEG tàbí WebP aládánù tọ́jú fọ́tò, kí a sì fi PNG tàbí WebP aláìládánù tọ́jú ojú ìwé. Kí a sì pa fáìlì àkọ́kọ́ mọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá sọ JPEG tí ó ti bàjẹ́ di PNG kò rí àmì tí ó sọnù gbà padà. Omi tí a ti fún kúrò lára gbágùúdá kì í padà sínú rẹ̀.