Kí Ló Ń Já Okùn Rákẹ́ẹ̀tì Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ So?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbá badminton ní Mayesbrook Park lẹ́bàá Upney, bí okùn tí ẹ sanwó rẹ̀ lánàá bá já lónìí, ẹ má tíì bá ọmọ wí, ẹ má sì tíì bá ẹni tí ó so ó jà. Ẹ wo ibi tí ó ti já ná.

Bí ó bá jẹ́ lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, ìgbá tí kò bá àárín ni ó sábà máa ń fà á. Okùn ibẹ̀ kúrú, kò lè fà. Ìgbá kan ṣoṣo tó láti já a. Bí ó bá jẹ́ lójú ihò, àwọn ike kéékèèké inú ihò ni ó ti sán, tí etí férémù sì ń gé okùn. Àárín ńkọ́? Ìfararora lásán ni. Bí okùn ṣe ń gbó nìyẹn.

Okùn tín-ín-rín, bíi ti mìlímítà 0.66, a máa dún dáadáa, ṣùgbọ́n kì í tọ́jọ́ tó ti 0.70. Àwọn ọmọ a sì máa bẹ̀bẹ̀ fún ìfà pọ́n-ùn 28 bí ti àwọn ògbóǹtarìgì, nígbà tí 20 sí 23 tó wọn. Òtútù inú bùùtù ọkọ̀ náà ń sọ náílọ́ọ̀nù di ohun tí ń tètè kán.

Kí ẹ tó san owó okùn mìíràn, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ àwọn ike náà. Owó wọn kò tó nǹkan.