Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ilẹ̀ Tó Ń Gbérí Lẹ́yìn Tí Yìnyín Yọ́

Nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín tó nípọn tó kìlómítà 3 ló bo apá àríwá Yúróòpù, láti Nọ́wè dé Swídìn àti Fínláǹdì. Ẹrù náà wúwo débi pé ó tẹ ilẹ̀ rì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Nígbà tí ayé móoru, yìnyín yọ́, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí. Ó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún tí yìnyín náà ti tán, síbẹ̀ ilẹ̀ ò tíì gbérí tán.

Ohun tó ń fà á wà nísàlẹ̀. Lábẹ́ èèpo ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ni àpáta gbígbóná kan wà, tó nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà 2,900. Kì í ṣe omi, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, a máa fà díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀dà. Yìnyín tì í kúrò lábẹ́ ara rẹ̀, èyí sì mú kí ilẹ̀ àyíká wú sókè. Ní báyìí tí àpáta náà ń padà sáyè, ibi tí yìnyín bò ń ga, àyíká rẹ̀ ń rì. Etí Hudson Bay ní Kánádà, níbi tí yìnyín bò pẹ̀lú, ń ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún, àmọ́ agbègbè Chesapeake Bay ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ń lọ sílẹ̀.

Àwọn ará etíkun Swídìn ti kíyè sí i tipẹ́. Èbúté ìlú Luleå kò jìn mọ́, ọkọ̀ ojú omi ò rọ́nà wọlé, ni wọ́n bá gbé ìlú náà lọ sí tòsí òkun lọ́dún 1649. Lọ́dún 1731, Anders Celsius, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n ìgbóná, ní kí wọ́n fín ìlà sára àpáta kan ní erékùṣù Lövgrund, níbi tí ojú omi dé nígbà náà. Celsius rò pé òkun ló ń fà sẹ́yìn. Lónìí, ìlà náà ti ga ju omi lọ ní ohun tó lé ní mítà kan ààbọ̀.

Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè sọ bóyá ilẹ̀ ló ń ga tàbí omi ló ń lọ sílẹ̀. GPS ló yanjú rẹ̀. Wọ́n á ri irin mọ́ àpáta gan-an, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á sì gbé eríà lé e lórí. Níbi tí kò sí iná mànàmáná, páńẹ́lì tó ń gba oòrùn àti bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Eríà náà ń gba àmì àkókò láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi 20,000 kìlómítà lókè. Bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà ni wọ́n fi ń mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìn tó. Ìwọ̀n ọjọ́ kan ò tó nǹkan, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa dá àmì dúró díẹ̀, yìnyín sì lè bo eríà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń kó jọ kí mílímítà tó hàn kedere. Gíga ló sì ṣòro wọ̀n jù, nítorí òkè nìkan ni sátẹ́láìtì ti ń hàn. Ilẹ̀ dí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí BIFROST, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, ló fi hàn pé etí òkun Bothnia, láàárín Swídìn àti Fínláǹdì, ń ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún, àti pé ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ń sún kúrò láàárín díẹ̀díẹ̀.

Ní Gíríǹláǹdì, yìnyín ṣì ń yọ́ lọ́wọ́. Níbẹ̀, ilẹ̀ ń dáhùn lọ́nà méjì. Àpáta ìsàlẹ̀ ń rọra padà látàrí yìnyín àtijọ́, èèpo ilẹ̀ sì ń ta sókè lójú ẹsẹ̀ bí yìnyín òde òní ṣe ń dín kù. Àwọn ibùdó GPS tó yí erékùṣù náà ká ń rí i tí ilẹ̀ ń wálẹ̀ nígbà tí yìnyín bá kó jọ ní ìgbà òtútù, tó sì ń gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Wọ́n tún ń wọn bí yìnyín ṣe ń dín kù láti ojú òfuurufú. Láti ọdún 2002 títí di 2017, sátẹ́láìtì méjì tí wọ́n ń pè ní GRACE ń tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, pẹ̀lú àlàfo bíi kìlómítà 220. Bí tiwájú bá dé orí ohun tó wúwo, agbára òòfà ohun náà á fà á, àlàfo á yí padà. Àwọn méjì mìíràn rọ́pò wọn lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n òòfà nìkan ni wọ́n mọ̀: yìnyín tó lọ àti àpáta tó ń padà wá sísàlẹ̀ dàpọ̀ mọ́ra wọn. GPS ló ń jẹ́ kí wọ́n yọ èkejì kúrò lára èkíní, kí ìṣirò yìnyín má baà wọ́. Ìṣirò yìí ṣòro jù ní Antákítíkà. Lọ́dún 2018, ìwádìí fi hàn pé ilẹ̀ etí òkun Amundsen ń ga ní mílímítà 41 lọ́dún, nítorí àpáta ìsàlẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn etíkun tó jìnnà. Òkìtì yìnyín máa ń fi òòfà rẹ̀ fa omi òkun mọ́ra. Bó bá ń tán lọ, omi á fà sẹ́yìn ní àyíká rẹ̀, á sì lọ kún níbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣírò bí òkun yóò ṣe ga tó ní Èkó tàbí Kútọnu gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yìnyín ti ń yọ́, bó ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ilẹ̀ etíkun náà fúnra rẹ̀ ń ga tàbí ó ń rì.