Òfin Ìwé àti Etí Ẹni

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń gbé Òkè Ọya, ẹ ń bi wá léèrè bóyá òfin inú ìwé ni ó yẹ kí a fi kọ́ èdè Haúsá, tàbí kí a kàn máa fetí gbé e lọ́jà.

Èdè tiwa kò ya akọ kúrò lára abo: “ó dé” ni à ń wí nípa bàbá àti ìyá. Haúsá ń wí “ya zo” nípa bàbá, “ta zo” nípa ìyá. Ohun aláìlẹ́mìí pàápàá ní akọ àti abo. Làákàyè rí òfin dì mú níbẹ̀: ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó bá parí sí “a”, abo ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà “motata” ni mọ́tò mi. Ṣùgbọ́n akọ ni “gida”, èyí tí í ṣe ilé. “Gidana” ni ilé mi.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ìwé nìkan ni a gbójú lé. Ìyá arúgbó aláìsàn kan ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí a ti ń ṣírò akọ àti abo lọ́kàn, ó yíjú sí ògiri. Ó rò pé a kò fẹ́ dá òun lóhùn ni.

Etí nìkan kò sì tó. A mọ àwọn oníṣòwò tí Haúsá wọn yá lẹ́nu, tí wọ́n ṣì ń wí “ya zo” nípa ìyàwó wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tọ́ka ìyàtọ̀ náà sí wọn rí.

Àwọn ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ kò ka òfin kankan, síbẹ̀ wọn kì í wí “gidata”. Ẹ bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá yín lóhùn.