Iṣu gbígbìn ní Botro: Kí ló dé tí ọ̀pá fi ṣòro rí ju èbù lọ?

Ẹni tó bá fẹ́ gbin iṣu sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Botro, ìlú kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Bouaké ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, èbù ni yóò kọ́kọ́ máa wá kiri. Tó bá rí èbù, tó kọ ebè, tó sì gbìn ín, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Àfi ìgbà tí ìtàkùn bá yọ lórí ebè, tó ń na ọrùn bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò dì mú, ni yóò tó rántí pé òun kò ní ọ̀pá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní agbègbè Gbêkê, níbi tí Botro wà. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni, ilẹ̀ ọ̀dàn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ tó ti sinmi fún ọdún púpọ̀ ni àgbẹ̀ máa ń ṣán fún iṣu. Kò ní gé gbogbo igi ibẹ̀ tán. Yóò fi àwọn kan sílẹ̀ lóòró kí wọ́n gbẹ, ìtàkùn iṣu yóò sì gun wọ́n.

Kajú ti yí nǹkan padà. Côte d'Ivoire ló ń kó èso kajú jọ jù lágbàáyé báyìí, àárín iṣu gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ti ń gbin igi rẹ̀. Ní ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì lè jọ gbé. Tí ẹ̀ka kajú bá ti pàdé lókè, iṣu gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ilẹ̀ tó ń sinmi ń dín kù, igi tí wọn ì bá gé ṣe ọ̀pá náà sì ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ebè kan bá jìnnà sí èkejì ní mítà kan, ẹgbàárùn-ún (10,000) ebè ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Ẹ̀yìnkùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, yóò gba ebè 50. Ọ̀pá 50 nìyẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó mítà méjì, bó bá jẹ́ ọ̀pá kan sí ebè kan. Ikán á sì ti jẹ púpọ̀ nínú wọn kí ọdún tó yípo.

Iṣu wo ló yẹ kí ẹni tuntun gbìn?

Lẹ́yìn Nàìjíríà àti Ghana, Côte d'Ivoire ló ń gbin iṣu jù lọ lágbàáyé. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Iṣu funfun bíi Kponan àti Krenglè ni owó wọn ga lọ́jà, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn láti gun òkè. Ewùrà, tí wọ́n ń pè ní bètè-bètè níbẹ̀, jẹ́ oúnjẹ gidi fún àwọn Baoulé. Èyí lè ya ọmọ Èjìgbò tó bá dé Bouaké lẹ́nu, nítorí nílé, ìkọ́kọrẹ́ tàbí òjòjò ni ewùrà mọ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n gbé oríṣi ewùrà kan wọ Côte d'Ivoire láti Puerto Rico, Florido ni orúkọ rẹ̀. Kíákíá ló tàn kálẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tó mú àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó lè ta láìsí ọ̀pá. Nítorí náà, ẹni tí kò bá rí ọ̀pá, tí kò sì fẹ́ wàhálà, Florido ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá wá pinnu pé Kponan lòun fẹ́ jẹ, kó wá ọ̀pá sílẹ̀ kó tó ra èbù.

Kí ni ọ̀pá ń ṣe fún iṣu gan-an? Inú ewé ni iṣu ti ń se oúnjẹ tó ń kó pamọ́ sínú ilẹ̀, oòrùn ló sì fi ń sè é. Tí ìtàkùn bá nà sílẹ̀, ewé á máa bo ara wọn lójú. Lórí ọ̀pá, ewé púpọ̀ ló ń rí oòrùn, atẹ́gùn sì ń tètè gbẹ omi òjò lára wọn. Ti omi yìí ṣe pàtàkì fún ewùrà, nítorí àrùn kan wà tó máa ń sọ ewé àti ìtàkùn rẹ̀ di dúdú bí ohun tí iná rà, òjò tó ń ta sókè láti ilẹ̀ sì wà lára ohun tó ń tàn án ká.

Okùn lè dín ọ̀pá kù

Ní Ghana, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà ní Fumesua lẹ́bàá Kumasi ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn: kí wọ́n ri òpó díẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n ta okùn láti òpó kan sí èkejì, kí wọ́n sì so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè wá sídìí iṣu kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìnkùlé gan-an ni ọ̀nà yìí bá mu, nítorí òpó bíi mẹ́rin tàbí mẹ́fà lè tó, ọparun sì dára fún un.

Àwọn àgbẹ̀ Jámánì náà ń ṣe irú rẹ̀. Ní agbègbè Hallertau, wáyà ni wọ́n ń ta sórí òpó tó ga tó mítà méje fún hops, ìtàkùn tí òdòdó rẹ̀ ń fún bíà ní ìkorò. Hops kò ní ṣe dáadáa ní Botro, torí ọ̀sán gígùn ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Yúróòpù ló ń wá, àmọ́ ìṣòro òun àti iṣu kò yàtọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni igi tútù. Ilé-iṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn ti ṣèwádìí láti ọdún pípẹ́ lórí àgúnmánìyè, igi tó ń tètè hù. Wọ́n lè gé ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ọ̀pá lọ́dọọdún, igi náà á sì tún rúwé. Ẹni tó bá gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lónìí yóò ní sùúrù díẹ̀ ṣá.

Tí ọ̀pá tàbí okùn bá ti wà, kí wọ́n gbé e dé ibẹ̀ kí ìtàkùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ̀gbẹ́ ebè ni kí wọ́n rì í sí. Ẹni tó bá gún un sáàárín ebè lè gún èbù tàbí já gbòǹgbò. Ìtàkùn kò nílò pé kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, kí wọ́n kàn fi orí rẹ̀ kan ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn tuntun kì í mọ̀: apá ọ̀tún ni iṣu funfun àti ewùrà ń lọ́ sí, apá òsì sì ni ti èsúrú. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lọ́ ọ sí òdìkejì, ìtàkùn náà á tú ara rẹ̀ ní.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń wa ọ̀pọ̀ iṣu funfun tó ń tètè ta. Tí wọ́n bá rọra hú ebè, tí wọ́n gé iṣu àkọ́kọ́, wọ́n á tún kó erùpẹ̀ padà bo gbòǹgbò, kí ìtàkùn lè ta èyí tí wọn yóò fi ṣe èbù lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tuntun tí inú rẹ̀ dùn pé iṣu ti jáde lè yọ ọ̀pá níbẹ̀ yẹn, èbù ọdún kejì sì ti lọ nìyẹn. Kí ọ̀pá dúró títí ewé yóò fi gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n gbọn erùpẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sórí àjà tí ikán kò ti ní tètè rí i.