Pàǹtí Etí Odò Kàdúná

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Kàdúná ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ pàǹtí ni mo mú wá sórí afẹ́fẹ́ ní òní, àti ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi ìfẹ́ inú ara wọn lọ ṣà á ní etí omi.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, obìnrin méjì, Linda Maraniss àti Kathy O'Hara, pe àwọn ènìyàn jọ sí etí òkun. Nǹkan bí 2,800 ni ó jáde, láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé wọ́n mú ìwé lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá mú ìgò, okùn tàbí ọ̀rá nílẹ̀, a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a lè mọ ibi tí ìdọ̀tí náà ti ń wá. Ẹni tí kò mọ orísun ìdọ̀tí, àtúnṣà ni yóò máa ṣà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1988, òfin àgbáyé kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ka dída ike sínú òkun láti inú ọkọ̀ léèwọ̀. Láti ìgbà náà, oṣù Kẹsàn-án kì í kọjá kí àwọn ènìyàn má jáde ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ẹnìkan yóò wí pé kò sí òkun ní Kàdúná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n odò wà. Orí òkè Jos ni ó ti ṣẹ̀. Ó la ìlú yìí kọjá, ó wọ adágún Shiroro, kí ó tó lọ dà pọ̀ mọ́ Odò Ọya tí ń gba Lọ́kọ́ja lọ sí òkun. Èmi kò ní sọ pé gbogbo ọ̀rá tí a bá jù sílẹ̀ ní Kakuri ni yóò dé òkun. Púpọ̀ yóò há sára igi, òmíràn yóò rì sínú adágún. Ìyẹn gan-an ni ó yẹ kí ó kan wá, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni yóò dúró sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà, àwọn àgbẹ̀ a máa gbin ẹ̀fọ́ sí etí odò náà, àwa ni a sì ń rà á jẹ. Inú odò yìí kan náà ni a ti ń fa omi ẹ̀rọ ìlú.

Ní ọdún 1985 ni ìjọba ológun mú ọjọ́ ìmọ́tótó wọ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: a ó kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ yóò sì gbá a padà sínú rẹ̀. Olúkúlùkù ń gbá iwájú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n etí odò kì í ṣe iwájú ilé ẹnikẹ́ni. Àyàfi ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan nínú wa wí pé àlejò ni a jẹ́, kí onílẹ̀ tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀. Níbi tí a ti bí ọmọ, tí a sì ti sin òkú? Wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n máa wá ire ìlú tí a kó wọn lọ. Àwọn wọ̀nyẹn, tipátipá ni a fi kó wọn. Àwa fi ẹsẹ̀ ara wa wá.

Bí ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ bá fẹ́ lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ kí mai unguwa àdúgbò náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára, ní òwúrọ̀. Kí wọ́n wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn. Abẹ́rẹ́ àti àfọ́kù ìgò, àgbà ni kí ó mú un, kì í ṣe ọmọdé. Ẹ má ṣe dáná sun ọ̀rá, nítorí èéfín rẹ̀ burú fún àyà. Ẹ ya irin àti ike sọ́tọ̀, àwọn tí ń ra bọ́lá yóò kó wọn. Ẹni tí ó bá sì ní egbò lẹ́sẹ̀, kí ó dúró lókè bèbè pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí ó máa kọ iye.