Ẹ̀ẹ̀kan Láàárín Ẹgbàárùn-ún Ọdún: Ìṣirò Tí A Kò Ṣe fún Afárá Baltimore

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí NTSB, ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń tọpinpin ìjàǹbá ọkọ̀ orí ilẹ̀, ti omi àti ti òfuurufú, jókòó láti sọ ohun tí ó pa iná ọkọ̀ akẹ́rù Dali kí ó tó lọ forí sọ òpó afárá Francis Scott Key ní Baltimore, ọ̀rọ̀ wáyà kan ṣoṣo ni ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní wáyà náà kò wọlé tán síbi tí ó yẹ kí ó wọ̀ nítorí pé ike pẹlẹbẹ tí a kọ àmì rẹ̀ sí dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, pé nígbà tí ó yá ó tú, iná kú, atukọ̀ sì di ẹni tí ń wo ìparun níwájú láìlè yà fún un. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dùn-ún gbọ́, nítorí ó máa ń ya ọmọ aráyé lẹ́nu pé ohun tí kò tó ọmọ ìka lè ṣubú lu odindi afárá, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni du wáyà náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan náà ti gbé ìwé mìíràn jáde ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, tí ariwo rẹ̀ kò tó ti wáyà, tí ó sì jẹ́ pé, lójú tèmi, inú rẹ̀ ni egungun ọ̀rọ̀ wà. Ìwé náà sọ pé ewu tí ó wà lórí afárá Key, kí Dali tó dé rárá, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 30 èyí tí àwọn ẹnjiníà fúnra wọn gbà pé afárá tí ó ṣe pàtàkì lè fara dà.

Bí òru ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2024 ṣe rí kò tún ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n tẹ̀dó sí Maryland, tí àwọn kan nínú wọn ń gba orí afárá náà lọ síbi iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n ń dí ihò ojú títì, ọmọ Mẹ́síkò, Guatemala, Honduras àti El Salvador, ni ó bá a lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé àwọn atukọ̀ ké gbàjarè, tí ọlọ́pàá sì dá ọkọ̀ dúró lẹ́nu afárá kí ó tó wó.

Kí ni à ń pè ní ìlọ́po 30 yìí? Ìṣirò kan wà lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà afárá, tí ó dà bí ohun tí ó rọrùn títí ènìyàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èròjà rẹ̀ jọ. Wọn a kọ́kọ́ ka iye ọkọ̀ tí ń gba abẹ́ afárá kọjá lọ́dún, ńlá àti kékeré, èyí tí ó kún àti èyí tí ó ṣófo. Wọn a wo bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ọ̀kan nínú wọn ṣìnà, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ kú, ìbáà jẹ́ pé atukọ̀ ṣi ọ̀nà gbà, ìbáà sì jẹ́ pé ìjì ni ó gbé e. Wọn a wo bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ọkọ̀ tí ó ti ṣìnà náà bá òpó afárá pàdé dípò kí ó gúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni wọn a wá wo bí ó ti ṣeé ṣe tó kí òpó tí a kọlù wó lulẹ̀. Wọn a fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, wọn a sì ro ti ààbò tí ó bá yí òpó ká mọ́ ọn. Ohun tí ó bá jáde ni bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ọkọ̀ ojú omi wó afárá yẹn láàárín ọdún kan. Fún afárá lásán, èyí kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000 lọ. Fún èyí tí ìlú kò lè ṣe aláìní, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000.

Níhìn-ín ni etí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ ti ń yà. Bí a bá ti wí pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ẹgbàárùn-ún ọdún, ọkàn wa a balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, a ó rò pé a ti rí àkókò gbà, pé àwọn ọmọ ọmọ wa tí a kò tíì dárúkọ ni ọ̀rọ̀ náà yóò kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a mú apẹ̀rẹ̀ kan tí ẹ̀wà 10,000 wà nínú rẹ̀, tí 9,999 jẹ́ funfun, tí ẹyọ kan péré jẹ́ pupa. Ní ọdọọdún, kí ẹnì kan di ojú, kí ó mú ẹyọ kan jáde, kí ó sì dá a padà kí ọdún tuntun tó wọlé. Kò sí ohun tí ó ní kí pupa náà má jáde ní ọdún àkọ́kọ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni àìjáde rẹ̀ láti àádọ́ta ọdún kò sọ ohunkóhun nípa ọdún tí ń bọ̀. Ti afárá Key ni pé pupa inú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ti sún mọ́ 30. Mo jókòó, mo fi èyí ṣírò: bí afárá tí ó wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ bá dúró fún ọdún 47, iye ọdún tí Key lò láyé, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ ni ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ wó o. Ìṣirò tèmi ni o, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀, ó sì ní àlèébù, nítorí pé ọkọ̀ tí ń wọ Baltimore ní ọdún 1977 kò tó ti òde òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ òun kò ní sùn àsùnhanrun.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ ìṣirò yìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1975, ọkọ̀ Lake Illawarra kọlu afárá Tasman ní ìlú Hobart ní Ọsirélíà, ènìyàn 12 kú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980, ọkọ̀ Star Clipper kọlu afárá Almö ní Swídìn lóru, nínú kùrukùru. Afárá ti lọ tán, kò sì sí ẹni tí yóò kìlọ̀ fún awakọ̀, ènìyàn mẹ́jọ ni ó wa ọkọ̀ wọn gba etí ibi tí ó já bọ́ sínú omi. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ìjì gbé ọkọ̀ Summit Venture lu afárá Sunshine Skyway ní Tampa Bay ní Florida, ènìyàn 35 ṣòfò, púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòtò ni í dá ọgbọ́n náà kọ́ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì gòkè wá ròyìn.

Àwọn ẹnjiníà sì ròyìn. Ní ọdún 1983 ni àwọn ọ̀mọ̀ràn iṣẹ́ náà láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pàdé ní Copenhagen, kí oníkálukú sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú tirẹ̀, láìfi àṣìṣe bò, nítorí pé awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Nínú ohun tí wọ́n fi sí àárín fún gbogbo ènìyàn, èyí tí ó wù mí jù ni ti ọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Gerhard Woisin. Woisin kò fi afárá bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní sáà tí Jámánì Ìwọ̀-oòrùn ń fẹ́ fi agbára átọ́míìkì tu ọkọ̀, tí wọ́n sì ti sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, Otto Hahn, sínú omi ní ọdún 1964, ìbẹ̀rù tí ó wà ni pé bí ọkọ̀ mìíràn bá gbá a ní ìhà, ẹ̀rọ átọ́míìkì inú rẹ̀ lè fọ́. Ìdí nìyẹn tí Woisin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe àwòṣe imú ọkọ̀ ní kékeré, tí wọ́n ń gbá a mọ́ irin, tí wọ́n sì ń wọn bí ó ṣe ń rún jégéjégé àti bí agbára ìkọlù náà ṣe tó. Ọkọ̀ átọ́míìkì ti àwọn oníṣòwò kò gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onílé afárá ṣa èso igi tí wọn kò gbìn. Nínú àwọn òǹkà rẹ̀ ni wọ́n ti fa òfin kan yọ tí wọ́n ń lò títí di òní: bí ìyára ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù a di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n bí ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé bá di ìlọ́po mẹ́rin, agbára ìkọlù a di ìlọ́po méjì péré, nítorí pé imú ọkọ̀ ńlá máa ń rún wọnú ara rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó dúró.

Ní ọdún 1991 ni AASHTO, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ojú títì àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, kó gbogbo ọgbọ́n yìí sínú ìwé kan ṣoṣo. Láti ọdún 1994 ni ó sì ti di dandan kí a ṣe ìṣirò náà fún afárá tuntun tí ọkọ̀ ńlá yóò máa gba abẹ́ rẹ̀. Fún afárá tí ó ti wà nílẹ̀, ìwé náà gba àwọn onílé nímọ̀ràn ni. Wọ́n tún gbà wọ́n nímọ̀ràn ní ọdún 2009. Afárá Key, a-gbé-ọkọ̀-gbé-èrò-má-rẹ̀, tí irin rẹ̀ so kọ́ra láti òpó dé òpó tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣubú òpó kan fi jẹ́ ìṣubú gbogbo rẹ̀, ti dé láti ọdún 1977, ìyẹn ọdún tí wọ́n parí àtúnṣe afárá Tasman fún àwọn ará Hobart. Ìgbìmọ̀ sọ pé àwọn aláṣẹ Maryland tí ó ni í kò ṣe ìṣirò náà fún un. Àwọn aláṣẹ fèsì pé ẹ̀bi ọkọ̀ Dali àti àwọn tí ó ni í ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan ti kọlu afárá yìí rí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí òkú Tampa kò tíì jẹrà tán: Blue Nagoya ni orúkọ rẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 390 ẹsẹ̀ lọ, afárá kò sì mì. Dali gùn tó 984 ẹsẹ̀, ìgbìmọ̀ sì ní ó tó Blue Nagoya lọ́nà mẹ́wàá. Àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé àìwó ọjọ́ náà ni ó mú kí ọkàn wọn balẹ̀ jù.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n a kò tíì sọ ẹni tí yóò lọ ká arọ mọ́ ilé tí yóò sì dúró tì í títí yóò fi gbọ́. Èrò tèmi, n kò sì fi lé ẹnikẹ́ni lórí, ni pé àwọn ẹnjiníà ṣe ìdajì iṣẹ́ wọn dáradára: wọ́n pín ìmọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn kò fi pamọ́. Ìdajì kejì, èyí tí í ṣe pé kí a sọ ìmọ̀ràn di àṣẹ fún ẹni tí ó ti kọ́ ilé tirẹ̀ tán, kò sí lọ́wọ́ wọn, ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń pín owó, kò sì sí olóṣèlú tí ń gé rìbọ́nì níwájú òkúta tí a dà sínú omi láti ṣọ́ òpó.

Àní, òkúta náà kì í ṣe àlá. Àwọn òpó kọnkéré mẹ́rin kan dúró nítòsí afárá Key láti máa ta ọkọ̀ dànù, Dali sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ṣùgbọ́n ní San Francisco, nígbà tí ọkọ̀ Cosco Busan gbá afárá Bay Bridge ní ọdún 2007, tí òmíràn sì tún gbá a ní ọdún 2013, ohun tí wọ́n fi yí òpó ká ni ó jìyà, epo dà sínú omi ní ti àkọ́kọ́, afárá dúró. Ní Delaware, tí kò jìnnà sí Baltimore, ní ọdún 2023, kí Dali tó ṣe ọṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àgbá òkúta mẹ́jọ, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 80 ẹsẹ̀, yí òpó afárá Delaware Memorial ká, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún 1951 ni a ti ṣí èkíní nínú ìbejì afárá náà. Bí irú rẹ̀ ìbá ti wà ní Baltimore, ṣé ìbá dá ohun tí ó wúwo ju 100,000 tọ́ọ̀nù lọ dúró? Mo rò pé ó ṣeé ṣe, ó kéré tán ìbá yà á kúrò lójú òpó, ṣùgbọ́n n kò lè búra, nítorí pé àwòṣe Woisin kéré gan-an sí irú ọkọ̀ yìí, a sì ti na òfin tí a fà yọ nínú rẹ̀ dé ibi tí ẹ̀rí ti fẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, àwọn olùkọ́ ní yunifásítì Johns Hopkins, tí ó wà ní Baltimore gan-an, kó àkọsílẹ̀ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà fún ọdún púpọ̀ jọ, wọ́n sì tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n rí fún afárá Huey P. Long lẹ́bàá New Orleans ni ìkọlù ńlá lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọdún 17, fún Bay Bridge ti San Francisco lẹ́ẹ̀kan ní bí ọdún 22. Ìkọlù ni wọ́n ń kà o, kì í ṣe wíwó, nítorí náà kí òǹkàwé má ṣe gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹgbàárùn-ún ọdún wa àtẹ̀yìnwá. NTSB ní tirẹ̀ dárúkọ afárá 68 ní ìpínlẹ̀ 19, wọ́n sì ní kí àwọn onílé wọn ṣe ìṣirò tí ọdún 1991 ti béèrè. Ọ̀kan nínú àwọn afárá náà ni ti Chesapeake Bay, tí èkíní rẹ̀ ti wà láti ọdún 1952 tí èkejì sì ti wà láti ọdún 1973, tí ó sì wà lábẹ́ àwọn aláṣẹ Maryland kan náà. Ní báyìí, wọ́n ti ṣe ìṣirò tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọjá ààlà.